Ìyá wa kò ṣí ìsọ̀ mọ́: báwo ni ọmọ ṣe ń dúró ti òbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú?

Arábìnrin kan tí ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ni ó kọ ìwé tí mo fẹ́ dáhùn yìí. Òun ni àbíkẹ́yìn. Ó ní ìyá àwọn, ẹni ọdún 61, ti ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, kò ṣí ìsọ̀ mọ́. Ọdún kejì rèé tí bàbá wọn ti kú. Ìyá náà a máa jí ní aago mẹ́ta òru, kì í sì í lè sùn mọ́. Oúnjẹ kò wù ú, ó ti rù débi pé ìró rẹ̀ kì í dúró ní ìdí mọ́, ó sì ń sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti tọ́jú ibà àti taifọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń sọ lórí fóònù pé kí Màmá mọ́kàn le. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà fún ogójì ọjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà sọ pé ì bá sàn kí òun ti bá bàbá wọn lọ. Bí arábìnrin náà ṣe parí ìwé rẹ̀ nìyí: “Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti sunkún, mo ti jágbe mọ́ wọn títí ojú fi tì mí. Kí ni mo tún lè ṣe?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí, mo sì lo ohun tí ó lé ní 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ìyá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò ṣeé fi dọ̀la.

Nígbà tí wọ́n ní ì bá sàn kí àwọn ti bá ọkọ àwọn lọ, ó dájú pé ohun tí gbogbo ilé fi dá wọn lóhùn ni: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ò ní kú, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́.” Ìfẹ́ ló wà nínú ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ibi tí ìyá jókòó sí: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ pé kí ẹnìkan wọlé bá àwọn, àwa sì fi àdúrà tì í padà. Wọn kò ní sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, wọn yóò kàn máa rò ó ni. Nítorí náà, ẹ wá àkókò tí ilé bá dákẹ́, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kì í ṣe níwájú wọn bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́jọ́, kí ẹ sì bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé: “Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?” Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, bí ìdákẹ́jẹ́ náà tilẹ̀ gùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò gbin èrò náà síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwádìí fi hàn, tí èmi náà sì fojú rí lẹ́nu iṣẹ́, ni pé ara máa ń tu ẹni tí a bi, nítorí pé ẹrù tí ó ń dá gbé ti rí ẹni bá a gbé e.

Bí wọ́n bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì ti ronú ọ̀nà tí àwọn yóò gbà ṣe é, ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, kí ẹ sì mú wọn lọ síléèwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Ẹ̀ka pàjáwìrì UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín, ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí tó bá súnmọ́ yín náà sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ṣì kó gbogbo oògùn apakòkòrò àti oògùn eku kúrò nílé, kí ẹ sì tọ́jú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ìrora sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, níbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Àkókò tí èrò ikú máa ń gbóná lọ́kàn ènìyàn kì í sábà pẹ́, bí kò bá sì sí ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe nítòsí, àkókò náà lè kọjá láìsí ewu. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kó kúrò nínú ilé pẹ̀lú àwọn oògùn náà, òun ni “ikú yá ju ẹ̀sín lọ.” Mo mọ̀ pé òwe àwọn bàbá wa ni, àmọ́ mi ò ní pa á létí ẹni tí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti di ẹrù fún àwọn ọmọ òun.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí a ń pè ní àìsàn yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń wò ni bóyá ọkàn ènìyàn ti bàjẹ́, tàbí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn bí àìsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀ tí ìsinmi kò wò, àìlèfọkànsí nǹkan, ìdẹ́bi fún ara ẹni, àti èrò ikú. Ẹ lè bi mí pé ṣé kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀fọ̀ a máa dé bí ìgbì omi: ó dé, a sunkún, ó lọ, a tún rí ẹ̀rín rín nígbà tí ẹnìkan bá sọ ìtàn olóògbé. Àwọn àgbà náà sọ ọ́ pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí àìsàn yìí mú ni kì í ríran mọ́. Ẹ̀rín kò dé, nígbà mìíràn ẹkún gan-an kò dé, ohun tó kù kò ju pé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bí ìyá yín bá ti ń sọ pé àwọn ni kò tọ́jú bàbá yín dáadáa, pé àwọn ló pa á, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà.

Ti orí tó ń gbóná ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti ń ṣìnà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà Yorùbá wọ ilé ìwòsàn wá kí ó ní “ọkàn mi ló bàjẹ́.” Ohun tí wọn yóò sọ ni pé orí ń gbóná, àyà ń já, etí ń hó, nǹkan ń rìn kiri nínú agbárí, gbogbo ara ń ro mí. Àwọn àgbà ní orúkọ fún un: ọdẹ orí. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa náà ti kọ̀wé lórí ọdẹ orí yìí, wọ́n sì rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá yín kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe àṣejù. Ara ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò rí ọ̀rọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì, ibà ni yóò gbọ́, bí a bá sì lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù márùn-ún tí nǹkan kò yí padà, ó tó àkókò láti béèrè bóyá ibà ni lóòótọ́.

Ẹ má ṣe fo àyẹ̀wò ara, síbẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, àti àìṣiṣẹ́ dáadáa ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, tí àwọn dókítà ń pè ní thyroid, lè mú kí ènìyàn rẹ̀ kí ó sì sorí kọ́ bíi ti ẹni tí àìsàn yìí mú, àwọn oògùn kan náà sì wà tí wọ́n lè fà á. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, aago tí wọ́n ń jí, iye oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, àti ọ̀rọ̀ ikú tí wọ́n sọ. Àyè ọ̀rọ̀ kì í tó níwájú dókítà, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn yín.

Ó ku bí wọn yóò ṣe gbà láti lọ, nítorí ọmọ kì í pàṣẹ fún ìyá. Bí ẹ bá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni “Àró” tàbí “Yábàá,” bí a ṣe ń fi í búni ní ìgboro, wọn yóò sì rò pé ẹ ń pe àwọn ní wèrè. Ẹ má ṣe parọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn wọ́n. Oorun ni wọn ò rí sùn, orí ló ń gbóná, òótọ́ ni méjèèjì: “Màmá, oorun tí ẹ kò rí sùn yìí ń dẹ́rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé yín lọ rí dókítà nítorí rẹ̀.” Dókítà gbogbogbòò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tàbí kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ronú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ wọ́n létí. Ó lè jẹ́ àbúrò wọn, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwọn ní Gbági. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí ọmọ fi oṣù mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe fi ìjókòó kan rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ Àró yẹn mú mi rántí ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Àró tí gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Dípò tí ì bá fi kó gbogbo aláìsàn sínú ògiri ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà láyìíká, ó sì béèrè pé kí ẹbí kan, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tẹ̀lé aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀ kí ó sì mú un padà. Lambo ti kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ oògùn, ó sì lò ó. Ohun tí ó tún mọ̀ ni pé ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé náà wà lára àwọn tó ń wo aláìsàn sàn. Ohun tí ẹ̀yin ń ṣe ní Ìbàdàn lónìí nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ fún yín pé iṣẹ́ ni.

Bí dókítà bá kọ oògùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kì í sábà ráyè ṣàlàyé. Àwọn oògùn tó wọ́pọ̀ níbí ni fluoxetine, tí a sábà máa ń lò láàárọ̀, àti amitriptyline, tí a ń lò lálẹ́ nítorí ó máa ń múni sùn. Èyí kejì a máa mú kí ẹnu gbẹ, ó sì léwu gidigidi bí ènìyàn bá lo púpọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọwọ́ yín ni kí ó wà. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí a tó rí ìyàtọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń tó mẹ́fà, àárín àkókò yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń da oògùn nù pé kò ṣiṣẹ́. Oorun àti oúnjẹ ló sábà kọ́kọ́ ń padà, agbára a tẹ̀ lé e, inú dídùn ló ń kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra ní àsìkò tí agbára ti dé tí inú kò tíì dùn, nítorí ẹni tí kò ní okun láti ṣe ara rẹ̀ léṣe tẹ́lẹ̀ lè ti ní in báyìí. Bí wọ́n bá sì gbádùn tán, kò tíì yá láti dá oògùn dúró: ó kéré tán oṣù 6 ni wọn yóò ṣì máa lò ó, ọ̀pọ̀ dókítà a sì fẹ́ kí ó pé oṣù 9 sí 12, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn oorun tí kẹ́mísìtì ń tà láìsí ìwé dókítà kò sí lára ìwọ̀nyí. Òun ni ó lè di bárakú, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí wọ́n máa wá bá onímọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, nítorí ó wà lára ìtọ́jú.

Nínú ilé, ohun kékeré ni kí ẹ máa béèrè. Mo rántí ọkùnrin kan, awakọ̀, tí ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, tí kì í sì í jẹun. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá sí wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ìwàásù. Yóò kí ìyá rẹ̀, yóò jókòó, yóò yọ ọsàn kan jáde, yóò sì máa bó o pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tí èèpo rẹ̀ kì í já títí yóò fi bó tán. Yóò gé orí ọsàn náà, yóò gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọsàn náà á wà lọ́wọ́ ìyá títí yóò fi gbẹ. Ní ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń kọjá pẹ̀lú àwo oògùn nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá náà sọ pé, “Èyí kan.” Ọsàn ni wọ́n ń sọ, pé ó kan. Ọmọkùnrin náà kò pariwo, ó kàn mú òmíràn ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èèpo náà sì já.

Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n padà sí ọjà. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣa ẹ̀wà, bí wọ́n bá sì ṣa ẹ̀kún ọwọ́ kan tí ó sú wọn, ẹ dúpẹ́. Ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ sàn ju àwo àmàlà tí ẹ óò gbé padà bí ẹ ṣe gbé e wá. Òwúrọ̀ ni àìsàn yìí sábà máa ń le jù, ó sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀ bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo wá láàárọ̀. Bí ẹ bá ní láti tètè jáde lọ síléèwòsàn, ẹ ti kó aṣọ wọn kalẹ̀ láti alẹ́. Nírọ̀lẹ́, ẹ jọ rìn dé ẹnu géètì, lọ́jọ́ kejì kí ẹ dé ilé kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

“Ẹ mọ́kàn le,” “ẹ dúpẹ́, ìṣòro àwọn mìíràn ju tiyín lọ,” “ẹ wo gbogbo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín”: ẹ sọ fún gbogbo ilé kí wọ́n sinmi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó ń ṣàìsàn ń gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn, ó sì ti fẹ̀sùn kan ara rẹ̀ tó. Èyí tó wúlò kò gùn: “Mo wà níbí, Màmá.” “Mo mọ̀ pé ó nira.” “Àìsàn ni, wọ́n sì ń wò ó.”

Ní ti òkè àdúrà, n kò ní bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Bí ìyá yín bá fẹ́ràn àdúrà, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ wọn máa wá sílé láti gbàdúrà fún wọn, kí oògùn àti àdúrà jọ máa lọ. Ohun tí mo lòdì sí ni ààwẹ̀ fún ẹni tí kò jẹun tẹ́lẹ̀, àìsùn òru fún ẹni tí kò sùn tẹ́lẹ̀, kí a sì gbé wọn lọ síbi tí oògùn kò ti ní tẹ̀lé wọn, láìṣe pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ ẹ. Ẹ̀tọ́ wà fún wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí a buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin 1958 tí ó ń pe irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè, ó sì dáàbò bo iyì àti ìfẹ́ inú wọn. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín pé kí òun náà tẹ̀lé yín lọ rí dókítà. Ẹni tó bá gbọ́ àlàyé fúnra rẹ̀ máa ń rọ̀ ju ẹni tí a ròyìn fún lọ.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé orúkọ àìsàn náà ni depression. Ó ti gbọ́ ọ níbẹ̀, ó kàn lè má rò pé ó lè mú ìyá tirẹ̀ ni. Owó rẹ̀ wúlò, oògùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tún máa pè ní aago kan pàtó, ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè àti Sọ́ńdè, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ó sọ ohun tí ó jẹ àti bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí, kí ó má ṣe gbani níyànjú.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Igbe tí ẹ jágbe mọ́ wọn kò sọ yín di ọmọ burúkú. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún oṣù márùn-ún yóò jágbe. Bí ara yín bá ti tutù, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní “Màmá, ẹ má bínú, àárẹ̀ ló mú mi,” kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín iṣẹ́ yìí. Kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin wá sun òru Friday àti Sátidé, kí ẹ̀yin lọ sun oorun níbòmíràn, kí ẹ má sì ṣe gbé fóònù sẹ́bàá orí. Bí ẹ̀yin náà bá ṣàkíyèsí pé ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo kọ lókè yẹn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìdáhùn wọn kò bá sọ pé kí ẹ lọ lóru òní, kí ọ̀sẹ̀ yìí má parí kí ẹ tó rí dókítà. Ẹ fi ìwé kékeré yẹn sínú báàgì yín, kí ẹ sì di ẹ̀kọ méjì dání, nítorí ìlà a máa gùn níbẹ̀.